Ẹ Má Tí Ì Ju Àpótí Afẹ́fẹ́ Nù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tún alùpùpù àtijọ́ ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kánjú yọ àpótí afẹ́fẹ́ tó bá a wá. Lóòótọ́, fíltà kéékèèké tí wọ́n ń kì bọ ẹnu kábúrétọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan rẹwà, ó sì yá tú. Lórí Honda CB750 ti 1969, ó ṣì ṣeé bá yí, torí wáyà ọwọ́ ló ń fa písítìnnì inú kábúrétọ̀ rẹ̀ sókè. Ti 1979 ni wàhálà wà: afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà ló ń gbé tiẹ̀, ó sì fẹ́ kí afẹ́fẹ́ náà dúró ire. Bí ẹ bá yọ àpótí yẹn, alùpùpù á máa fà sẹ́yìn láàárín eré, plọ́ọ̀gì á funfun báláú, torí epo ò tó afẹ́fẹ́ mọ́. Kí ẹ tó ra jẹ́ẹ̀tì ńlá tó máa fi kún epo, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ rọ́bà ẹnu àpótí tó ti gan.