Aṣọ tí mo fi pọn ọmọ mi

Ọdún 1994 ni mo bí àkọ́bí mi ní Kétu. Obìnrin ni. Ẹni tó bá ti gbọ́n nígbà náà yóò rántí ọdún yẹn. Ní oṣù kìíní rẹ̀ ni wọ́n dín agbára owó sẹ́fà kù sí ìdajì. Owó Faransé kan tí à ń fi sẹ́fà 50 gbà tẹ́lẹ̀ di sẹ́fà 100. Ohun gbogbo tó ń ti òkè òkun wá gbówó lórí, aṣọ pẹ̀lú.

Síbẹ̀, ọkọ mi ra aṣọ fún mi nítorí ọmọ. Aṣọ náà pupa, ó ń dán bí omi tí oòrùn ràn sí. Ìyá ọkọ mi náà mú aṣọ tiwọn wá. Kíjìpá ni, aṣọ nínípọn tí àwọn obìnrin máa ń hun nílé. Ìyá tó bí wọn ló hun ún. Ó ti ṣá, etí rẹ̀ ti ń tú. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn. Mo sọ lọ́kàn mi pé: « Ṣé àkísà ló yẹ ọmọ mi? » Mo fi í sí ìsàlẹ̀ àpótí. Ìyá rí i pé n kò lò ó. Wọn kò sọ nǹkan kan.

Nígbà tí ọmọ pé oṣù mẹ́rin, tí ọrùn rẹ̀ ti le, mo fi aṣọ dídán mi pọ̀n ọ́n lọ sí ọjà. Mo ru agbọ̀n àgbàdo. Oòrùn mú. Òógùn bo èmi àti ọmọ. Aṣọ náà kò mu òógùn, ṣe ni ó ń yọ̀. Mo dì í, ó tú. Mo tún un dì, ó tún ń sọ̀ kalẹ̀. Lójijì mo gbọ́ tí obìnrin kan tó ń ta gàrí kígbe: « Ìyàwó, ọmọ rẹ o! » Kí n tó yíjú, ó ti sáré dé ẹ̀yìn mi. Ọmọ ti yọ̀ dé ìdí mi, orí rẹ̀ ti ń dà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Obìnrin yẹn gbá a mú ní ẹsẹ̀.

Àgbàdo dà sílẹ̀. N kò ṣà á.

Mo dé ilé, mo ń sunkún. Mo rò pé ìyá ọkọ mi yóò bú mi. Wọ́n gba ọmọ, wọ́n wo ẹ̀yìn àti àyà rẹ̀. Gbogbo ara rẹ̀ ti sú wínníwínní nítorí ooru. Wọ́n ní: « Lọ mú kíjìpá yẹn wá. » Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ kò ju ìyẹn lọ.

Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, àwa méjèèjì jọ lọ. Wọ́n ní kí n ra aṣọ kan sí i, nítorí bí a bá fọ ọ̀kan, a ó lo èkejì. Wọn kò wo àwọ̀ rárá. Wọ́n fún aṣọ mọ́ inú ọwọ́, wọ́n sì tú ọwọ́. Bí aṣọ bá hunjọ, òwú ni. Bí ó bá nà padà kíá, wọ́n á fi í sílẹ̀. Wọ́n gbé e sókè sí oòrùn: ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń wọlé ju ibòmíràn lọ, ibẹ̀ ni yóò ti ya. Wọ́n ní èyí tó nípọn jù kò ṣe é so dáadáa, èyí tó sì fẹ́lẹ́ jù máa ń gé ni láyà.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti iná. Wọ́n fa fọ́nrán kan ní etí aṣọ, wọ́n ṣáná sí i. Ó jó di eérú, òórùn rẹ̀ dà bí ti ìwé tó ń jó. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún aṣọ dídán kan. Èyí yọ́, ó sì di kókó líle. Obìnrin tó ń ta aṣọ bínú, ó ní ṣé a wá jó ọjà òun ni. Ìyá rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ra ọ̀pá méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pá méjì yìí ni wọ́n ń pè ní pagne kan ní Faransé. Ọ̀pá mẹ́fà jẹ́ pagne mẹ́ta.

A fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta títí omi rẹ̀ fi mọ́, nítorí ọmọ máa ń fa etí aṣọ mu. Ìyá wá fi aṣọ tuntun náà pọn ọmọ sí mi lẹ́yìn. Wọ́n fẹ̀ ẹ́ láti orúnkún kan dé èkejì, kí itan ọmọ là, kí orúnkún rẹ̀ sì ga ju ìdí rẹ̀ lọ. Wọ́n fi kíjìpá ṣe ọ̀já, wọ́n fi gbà á lókè. Imú ọmọ wà níta. Mo bẹ̀rẹ̀, mo dìde, mo fò díẹ̀. Ọmọ kò sún.

Ẹ̀bi aṣọ dídán kọ́ o. Aṣọ òde ni. Mo wọ̀ ọ́ lọ sí ibi ìnáwó títí ó fi gbó.

Kíjìpá yẹn ni ọ̀já ọmọ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìyá ti kú báyìí. Àkọ́bí mi ti di ìyá ọmọ ní Kútọnù. Nígbà tí ó bímọ, ó ní: « Màmá, ẹ bá mi mú kíjìpá ìyá àgbà bọ̀. » Mo yọ ọ́ nínú àpótí, mo gbé e sókè sí oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ ń wọlé ní àárín rẹ̀. Mo jókòó tì í fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo lọ sí ọjà, mo ra aṣọ òwú tuntun, mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì kó méjèèjì lọ bá a. Tuntun ni ó fi ń pọn ọmọ. Ti ìyá wà lórí ẹní tí ọmọ ń sùn lé.