Ìdúró Ló Ń Pa Ọwọ́ Nọ́ọ̀sì

Winnipeg, Manitoba,
Kánádà.
Oṣù Kejì.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Yìnyín ṣì bo gbogbo títì níbí, odò tó gba àárín ìlú kọjá sì ti gan débi pé orí rẹ̀ làwọn èèyàn ń gbà rìn. Mi ò ní sọ̀rọ̀ òtútù títí, ẹ ti gbọ́ ọ sú. Ìbéèrè méjì lẹ fi ránṣẹ́. Ẹ ní kí ló dé tó jẹ́ pé ilé-ìwòsàn yòówù kéèyàn wọ̀ lẹ́yìn odi, ará Filipínì ni yóò kọ́kọ́ bá níbẹ̀? Ẹ tún ní ṣé kí àbúrò mi gba físà iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó tí wọ́n fi lọ̀ ọ́, kó kọ́kọ́ dé ibí ná, kó tó máa wá ìwé-àṣẹ nọ́ọ̀sì? Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, mo sì rí i pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni. Ohun tí ojú àwọn ará Filipínì ti rí ni ìdáhùn tí àbúrò mi ń wá.

Ìlú wọn ni Winnipeg yìí, a fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ bẹ́ẹ̀. Tí Gẹ̀ẹ́sì bá kúrò nínú bọ́ọ̀sì, Tagalog, èdè wọn, ló kù. Nígbà tí Jollibee, ilé oúnjẹ adìyẹ díndín tí ará Filipínì kì í fi ṣeré, máa ṣí ẹ̀ka rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Kánádà ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, wọn kò wá Toronto lọ. Winnipeg ni wọ́n wá. Àwọn ará Filipínì ní páálí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní balikbayan, tí wọ́n ń dì díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù: ọṣẹ, ẹran alágolo, bàtà ọmọdé, kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé e lọ sílé. Ẹni tó bá ti rí dúrọ́ọ̀mù táwọn ará wa ń fi ránṣẹ́ láti London kò ní béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Nínú ilé-ìwòsàn àti ilé àwọn arúgbó, àwọn náà ni. Ṣùgbọ́n kéèyàn ka káàdì tó wà láyà wọn dáadáa. Ti ẹnì kan á sọ pé nọ́ọ̀sì ni. Ti ẹlòmíràn, tó ka ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́rin kan náà ní Manila tàbí Cebu, tó sì yege ìdánwò ìjọba kan náà, á sọ pé olùrànlọ́wọ́ ni. Òun ló ń wẹ aláìsàn, òun ló ń tẹ́ ibùsùn, kò sì gbọdọ̀ fa oògùn sínú abẹ́rẹ́. Kì í ṣe ọpọlọ ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Èrò tèmi ni pé ìdúró ni: iye ọdún tí olúkúlùkù fi dúró de ìwé-àṣẹ, àti ibi tó wà nígbà tó ń dúró.

Wọn kò ṣàdédé di nọ́ọ̀sì gbogbo ayé. Amẹ́ríkà gba ilẹ̀ wọn lọ́wọ́ Sípéènì ní 1898, wọn kò sì gba òmìnira títí di 1946. Kò pẹ́ tí Amẹ́ríkà dé tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í dá ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ti ìlú Iloilo bẹ̀rẹ̀ ní 1906. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ wọn, ìwé Amẹ́ríkà ni wọ́n kà, bí ẹ̀yin náà ṣe ka ti Ìlú Ọba. Ní 1948 Amẹ́ríkà gbé ètò pàṣípààrọ̀ kan kalẹ̀ tí nọ́ọ̀sì lè fi wá ṣiṣẹ́, kó kọ́ṣẹ́, kó sì padà sílé. Nígbà tí òfin ìwọ̀lú wọn yí padà ní 1965, ilẹ̀kùn tó ṣí díẹ̀ wá ṣí gbayawu. Lọ́dún 1974 ìjọba Ààrẹ Marcos fi ọ̀rọ̀ rírán òṣìṣẹ́ lọ sókè òkun sínú òfin iṣẹ́ ilẹ̀ náà. Ní 1988, Ààrẹ Corazon Aquino pe àwọn ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ tó ń ṣọmọ ọ̀dọ̀ ní Hong Kong ní akọni tuntun. (Oyè ni wọ́n fi jẹ, ilé onílé ṣì ni wọ́n ń gbá.) Bí ẹnikẹ́ni bá wà láyé tó yẹ kí ilẹ̀kùn ilé-ìwòsàn Amẹ́ríkà àti Kánádà ṣí fún láìkànkùn, àwọn ni.

Síbẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì àjèjì tó wọ Amẹ́ríkà ló fìdí rẹmi nínú ìdánwò ìpínlẹ̀ tí wọ́n dé, wọ́n sì di olùrànlọ́wọ́ nínú wọ́ọ̀dù tó yẹ kí wọ́n máa darí. Ìyẹn ló mú kí wọ́n dá àjọ CGFNS sílẹ̀ ní 1977, láti yẹ ìwé nọ́ọ̀sì wò, kí wọ́n sì dán an wò nígbà tó ṣì wà nílé rẹ̀, kó tó ta ilẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀ òfúrufú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń bú àjọ náà pé ìdènà ni. Ní tèmi o, àánú ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó fìdí rẹmi nílé ṣì ní iṣẹ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó fìdí rẹmi lẹ́yìn odi ń wá bí yóò ṣe san owó ilé.

Kí n fi Jàpáànì ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ náà ti hàn kedere jù. Jàpáànì àti Filipínì fọwọ́ sí àdéhùn tó jẹ́ kí nọ́ọ̀sì Filipínì lè lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní 2006, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejìlá 2008, nọ́ọ̀sì Filipínì àkọ́kọ́ sì débẹ̀ ní 2009. Olùrànlọ́wọ́ ni wọ́n máa jẹ́ títí wọn yóò fi yege ìdánwò nọ́ọ̀sì ilẹ̀ náà, ọdún mẹ́ta ni wọ́n sì fún wọn láti fi yege. Ní 2010, àwọn 254 láti Indonéṣíà àti Filipínì jókòó ṣe é. Mẹ́ta péré ló yege. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni ará Filipínì. Ẹ̀yin náà ẹ ronú sí i. Nọ́ọ̀sì tó ti tọ́jú egbò ìdùbúlẹ̀ títí ó fi jinná lè má mọ lẹ́tà Jàpáànì tí wọ́n fi kọ orúkọ egbò náà. Nígbà tí wọ́n wá kọ bí wọ́n ṣe ń pe lẹ́tà tó le sí orí rẹ̀, tí wọ́n fi orúkọ àìsàn ní Gẹ̀ẹ́sì kún un, tí wọ́n sì fi àkókò ìdánwò kún un fún àwọn àjèjì, iye tó ń yege gòkè ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú aláìsàn kò yí padà láàárín àkókò náà. Ọdún mẹ́ta tí wọ́n fi ń gbé ọpọ́n ìgbọ̀nsẹ̀ lásán kò sì kọ́ ẹnikẹ́ni ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì.

Kánádà ibí kò ní ìṣòro lẹ́tà. Ìwé ni tiwọn. Láti 2014, fún ọ̀pọ̀ ọdún, àjọ kan tó ń jẹ́ NNAS ni ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì àjèjì ní láti kọ́kọ́ kó ìwé lọ síwájú rẹ̀: àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ láti ilé-ìwé, ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀ láti ilé, ẹ̀rí iṣẹ́ láti ilé-ìwòsàn, èsì ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì. Kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ọwọ́ nọ́ọ̀sì náà ni ìwé yóò ti wá. Ibi tí ìwé ti jáde ló ní láti fi í ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Kí èyí tó gbẹ̀yìn tó dé, èyí tó kọ́kọ́ dé ti lè gbó, nítorí ọdún méjì péré ni èsì IELTS, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì náà, fi ń wúlò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á béèrè pé ìgbà wo lo ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kẹ́yìn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ará Filipínì ti kọsẹ̀. Láti 1992 títí di 2014, ètò kan wà tó fàyè gba olùtọ́jú ọmọdé àti arúgbó láti wá máa gbé nílé ẹni tó gbà á síṣẹ́. Tó bá pé oṣù mẹ́rìnlélógún, ó lè béèrè fún ìwé ìgbélùú. Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì gba ọ̀nà yẹn wọlé torí pé ó yá. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan kò sí nínú oṣù mẹ́rìnlélógún náà tí wọ́n kà sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọjọ́ tí ìwé ìgbélùú bá tẹ irú nọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti lè di ohun àtijọ́ lójú òfin, wọ́n sì lè ní kó padà lọ sílé-ìwé.

Màmá, mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ, torí ẹ̀yin lẹ fi kọ́ wa nílé. Ẹ máa ní ẹ̀mí èèyàn kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣàánú. Nọ́ọ̀sì tí kò gbọ́ èdè aláìsàn, tó gbọ́ mílígíráàmù nígbà tí dókítà sọ máíkírógíráàmù, á pààyàn kílẹ̀ tó mọ́. Òótọ́ ni, mi ò sì sọ pé kí wọ́n pa ìdánwò rẹ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìdánwò yàtọ̀ sí ìdúró, àwọn onílé gan-an ló sì fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn wá. Nígbà tí àrùn kòrónà ti fa nọ́ọ̀sì wọn gbẹ, ìpínlẹ̀ British Columbia kéde ní oṣù Kìíní 2023 pé ètò tó ń gba nǹkan bí ọdún mẹ́ta yóò máa parí láàárín oṣù mẹ́rin sí mẹ́sàn-án. Ní oṣù Kẹrin ọdún náà, Alberta ṣí ọ̀nà àbùjá fún àwọn tó kàwé láti orílẹ̀-èdè mélòó kan tí wọ́n kà sí pé ẹ̀kọ́ wọn bá tiwọn dọ́gba. Filipínì wà níbẹ̀. Nàìjíríà náà wà níbẹ̀. NCLEX, ìdánwò tí nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ yege kó tó gba ìwé-àṣẹ, ṣì wà ní ipò rẹ̀, kò fi inṣi kan kúrò. Ìdúró nìkan ni wọ́n gé. Ṣé ìwé tí wọ́n kà ní Manila ló yí padà láàárín òru? Ibùsùn tí kò sí nọ́ọ̀sì nídìí rẹ̀ ló pọ̀ jù. Bí ààbò aláìsàn ló bá fi ọdún mẹ́ta ṣe òṣùwọ̀n ní àná, kò yẹ kó fi oṣù mẹ́rin ṣe é lónìí.

Ẹ tún lè sọ pé àwọn tó ń fúnni ní ìwé-àṣẹ ní ìdí láti fura. Wọ́n ní in. Ní oṣù Kẹfà 2006, ìbéèrè ìdánwò nọ́ọ̀sì Filipínì jò jáde kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, àwọn ilé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan sì fi kọ́ àwọn ọmọ wọn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, CGFNS ní ẹnikẹ́ni tó yege nínú ìdánwò yẹn, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó, gbọ́dọ̀ tún apá tó jò náà ṣe kó tó lè ronú Amẹ́ríkà. Wọ́n tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlógún. Kí ẹnikẹ́ni nílé má fi wọ́n ṣẹ̀sín o, torí ní 2023 ni àjọ nọ́ọ̀sì Ìlú Ọba sọ pé èsì tó jáde láti ibùdó ìdánwò kan n'Ìbàdàn wa níbẹ̀ kò ṣeé gbára lé, tí ọ̀rọ̀ náà sì kan ẹni tó jìjàkadì àti ẹni tó ra ọ̀nà pọ̀. Mo gbà pé kí wọ́n tún un ṣe. Ṣùgbọ́n àtúnṣe ìdánwò jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan. Ìfura tó di ọdún méjì kò mú olè kankan. Olóòótọ́ ló ń fi ebi pa.

Àwọn tó wà nílé náà mọ bí wọ́n ṣe ń dáni dúró. Ní oṣù Kẹrin 2020, ìjọba Filipínì fòfin de ìrìn-àjò nọ́ọ̀sì; nígbà tó yá, wọ́n gba 5,000 láyè lọ́dún, wọ́n sì sún iye náà sókè lẹ́yìn ìyẹn. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é kò burú, àìsàn wà nílùú. Àmọ́ ní oṣù Kejì 2021, ìjọba yẹn kan náà ń sọ fún Ìlú Ọba àti Jámánì pé àwọn á tú nọ́ọ̀sì sílẹ̀ bí wọ́n bá fún àwọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ìlú Ọba kọ̀. Kí lèèyàn fẹ́ pe èyí? Bí ìlú bá ń jìyà àìní nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ kí á wo owó oṣù wọn. Òfin nọ́ọ̀sì Filipínì ti 2002 ti ṣèlérí ìpele owó oṣù fún nọ́ọ̀sì ìjọba. Ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ní 2019 pé ìlérí náà ṣì dúró, ọdún 2020 ni owó náà tó dé ọwọ́ wọn. Láàárín ìgbà yẹn, ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì pọ̀ rẹpẹtẹ, iṣẹ́ kò sì tó; àwọn tó ti gbàwé-ẹ̀rí ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwòsàn, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń sanwó kí wọ́n lè gbà wọ́n, torí kí wọ́n lè rí ẹ̀rí iṣẹ́ fi ránṣẹ́ sókè òkun. Tiwa náà kò jìnnà sí i: ìlànà tí àjọ nọ́ọ̀sì Nàìjíríà gbé jáde ní oṣù Kejì 2024, pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ fi ọdún méjì ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó jẹ́rìí sí ìwé rẹ̀ fún àwọn ará òkèèrè, ló gbé wọn dé ìta gbangba láti fi ẹ̀hónú hàn. Mi ò ní dá sí ìjà yẹn. Fún àbúrò mi, ọdún méjì ní wọ́ọ̀dù kò burú bí ó bá jẹ́ wọ́ọ̀dù ló wà lóòótọ́.

Nítorí náà, Màmá, kó má gba físà yẹn. Mo mọ̀ pé ọ̀nà tó ṣí lónìí lè tì lọ́la, mo sì mọ̀ pé ẹni tí owó ilé-ìwé ọmọ ń dà láàmú lè máà ní agbára àtidúró. Ọ̀pọ̀ ará Filipínì ló gba ọ̀nà olùtọ́jú torí bẹ́ẹ̀, àwọn kan sì padà di nọ́ọ̀sì lẹ́yìn ọdún gígùn. N kò ní bú wọn. Ṣùgbọ́n àbúrò mi kò tíì bímọ, ó sì níṣẹ́ lọ́wọ́. Bí ó bá máa dúró, kó dúró níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò ti ní tutù. Láti 2007 ni àwọn ará Filipínì ti lè ṣe NCLEX ní Manila láì fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ni kó ṣe fúnra rẹ̀. Kó lọ bá ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kó ní kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ fúnra wọn, kó má gbà á sọ́wọ́ pé òun á fi ránṣẹ́. IELTS ni kó ṣe kẹ́yìn, kó má baà gbó kí ìwé yòókù tó dé. Owó tó fẹ́ fún aṣojú físà náà, kó fi san ti ìwé wọ̀nyí. Èmi á fi èyí tó bá kù kún un.

Ẹ bá mi kí Bàámi, kí ẹ sì máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín déédéé.

Èmi ni ọmọ yín.