Inú Tó Dí

Lábẹ́ bíríìjì Sàngó ní Ọ̀tà, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ tó ṣiṣẹ́ òru ti yí ìyá alágbo ká. Ẹni tí kò bá rí ìgbẹ́ yà, jẹ̀díjẹ̀dí ni wọ́n kà á sí, wọ́n á bu àgbo jẹ̀dí fún un. Fún ìgbẹ́ tó gbẹ lásán, ó lè ràn án lọ́wọ́. Ìbéèrè tí dókítà kì í fojú fò ni kì í wáyé níbẹ̀: "Ṣé ẹ ṣì ń só?" Ó ń tini lójú, àmọ́ ó wúlò. Ẹni tí kò yàgbẹ́, tí kò só, tí inú rẹ̀ ń wú, tó sì ń bì, ìfun rẹ̀ lè ti dí. Kí ni àgbo fẹ́ tì, níbo ló sì fẹ́ tì í gbà?

*

Kí ló ń pa ẹni tí ìfun rẹ̀ dí? Ní nǹkan bí ọdún 1912 sí 1913, George Whipple àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Baltimore, ní Amẹ́ríkà, so apá kan ìfun ajá ní orí méjèèjì. Wọ́n fa omi tó dúró síbẹ̀, wọ́n gún un sára ajá tí ara rẹ̀ le. Ajá náà bì, ó ṣu, ìfúnpá rẹ̀ já wálẹ̀, ó kú. Májèlé ni, wọ́n ní.

*

Ní 1912 kan náà, Hartwell àti Hoguet ní New York dí ìfun ajá tiwọn, àmọ́ omi iyọ̀ púpọ̀ ni wọ́n ń fà sí wọn lára. Àwọn yẹn pẹ́ kí wọ́n tó kú.

Lójú tèmi, kò sí ẹni tó purọ́. Bí ìfun bá kàn dí, àìtó omi àti iyọ̀, tí èébì ń kó lọ, ló ń kọ́kọ́ pa èèyàn. Bó bá lọ́, tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ mọ́, ara ìfun á máa kú, kòkòrò àìfojúrí àti oró wọn á sì gba ibẹ̀ wọ ara. Ìyẹn, omi nìkan kò lè gbà á. Iṣẹ́ abẹ ni.

*

Irú omi iyọ̀ bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí wa: iléeṣẹ́ oògùn Fidson ń ṣe omi dríìpù ní Sàngó níbí, létí títì Èkó sí Abẹ́òkúta. Omi iyọ̀ tí ilé ìwòsàn ń lò jù: gíráàmù 9 iyọ̀ nínú lítà omi kan.

*

Ewúrẹ́ Ọ̀tà ń jẹ ọ̀rá píọ̀ wọ́tà. Ọ̀rá náà máa ń dí inú rẹ̀.

*

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ẹrù wúwo ní iléeṣẹ́: bí ìpá tó máa ń wọlé bá kọ̀ tí kò wọlé mọ́, tó ń dùn yín, tí ẹ sì ń bì, ìfun lè ti há síbẹ̀: ẹ má tì í, ẹ má mu nǹkan kan. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ lóru.