Alángbá Onírùngbọ̀n ní Libreville

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ẹni tí kò sin alángbá rí lè rò pé ọ̀rọ̀ ènìyàn nìkan ni òwe yìí ń bá wí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gba alángbá onírùngbọ̀n sínú ilé yóò rí i pé òwe náà kò ní àbùlà.

Ilẹ̀ Ọsirélíà ni ẹranko yìí ti ṣẹ̀, ní agbègbè gbígbẹ tí oòrùn ti ń mú ganrínganrín. Ìbátan ni òun àti alángbá tí ń mi orí lára ògiri ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Bí ẹ̀rù bá bà á, ọ̀fun rẹ̀ a wú, a sì dúdú bí irùngbọ̀n. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá.

Ẹ wá wo Libreville ní ilẹ̀ Gabon, ìlú etí òkun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó lórí ìlà agbedeméjì ayé. Òjò ibẹ̀ a máa tó nǹkan bí mílímítà 3,000 lọ́dún. Láti oṣù kẹfà títí di oṣù kẹsàn-án, òjò a dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n kùrukùru a bo ojú ọ̀run, oòrùn kì í sì í ràn bí ó ti yẹ. Ìlú bẹ́ẹ̀ kò rọrùn fún àlejò tí a bí sínú ooru gbígbẹ.

Bí ọmọdé kan níbẹ̀ bá gbé alángbá rẹ̀ sí ẹ̀yìn gíláàsì fèrèsé, yóò rò pé òun ti fi oòrùn kẹ́ ẹ. Ìmọ́lẹ̀ ń wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n gíláàsì ti sẹ́ ìtànṣán tí ń jẹ́ kí ara ẹranko náà ṣe fítámì D kúrò nínú rẹ̀. Láìsí fítámì yìí, kálísíọ́mù inú oúnjẹ kì í ráàyè dé inú egungun. Egungun a rọ̀, ẹsẹ̀ a wọ́, àgbọ̀n a wú. Síbẹ̀, ikùn rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ bí ti àtẹ̀yìnwá, ọmọ náà kò sì mọ̀ pé ohun tí òun fẹ́ràn ń kú lọ lójú òun.

Nítorí náà, àtùpà àkànṣe tí ń tú irú ìtànṣán bẹ́ẹ̀ jáde kò gbọ́dọ̀ wọ́n nínú àpótí rẹ̀. Kí a sì máa pààrọ̀ rẹ̀ láàárín oṣù 6 sí 12, nítorí agbára rẹ̀ a máa tán kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó kú. Kí ibi tí ẹranko náà ti ń yáná gbóná tó ìwọ̀n 40 Celsius, kí apá kejì tutù díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ sì máa wọlé, kí ọ̀rinrin má baà kó àrùn bá a.

Ní ti oúnjẹ, èyí tí ó kéré a máa jẹ ìrẹ̀ àti tata ju ewé lọ. Bí ó bá dàgbà, ewé àti elégédé ni kí ó pọ̀ jù. Kòkòrò tí ó bá fẹ̀ ju àlàfo tí ó wà láàárín ojú rẹ̀ méjèèjì ti tóbi jù fún un. Kí a wọ́n ìyẹ̀fun kálísíọ́mù sí kòkòrò náà lára. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ dára fún ènìyàn, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó pọ̀ fún alángbá yìí, nítorí èròjà kan nínú rẹ̀ a máa di kálísíọ́mù mọ́lẹ̀. Píà léwu fún un. Tanátaná tí ń tàn lóru, ẹyọ kan ṣoṣo lè pa á.

Ìfẹ́ nìkan kò tó sin ẹran. Olùtọ́jú tí ó gbọ́n kì í retí pé kí alángbá ké, nítorí kò ní ohùn tí yóò fi ráhùn. A máa wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, a máa wo ìgbẹ́ rẹ̀, a sì máa ṣọ́ ìrìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni olùkọ́ rere ń ṣe sí ọmọ tí ó jókòó jẹ́ẹ́ ní ẹ̀yìn kíláàsì. Ẹni tí ó bá fi ara balẹ̀ wò ó lójoojúmọ́ ni yóò mọ èyí tí inú ń run.