Ọmọ mi kì í ṣe òmùgọ̀

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ọ̀rọ̀ ilé mi ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó lè ran ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Èmi ni mo ń kọ́ àwọn àgbà ní ìwé kíkà ní abúlé wa, lẹ́bàá Kétu. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí.

Ní ọdún 2003, mo lóyún àkọ́bí mi. N kò sinmi. Mo ń ru igi, mo ń yan gààrí títí di ọjọ́ tí mo rọbí. Ibà mú mi lẹ́ẹ̀mejì, n kò lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ní bí aboyún bá jẹ ẹyin, ọmọ rẹ̀ yóò di olè. Nítorí náà, n kò jẹ ẹyin. Ẹja inú ọbẹ̀, àwọn ọkùnrin ni wọ́n ń jẹ ẹ́.

Nígbà tí mo bímọ, agbẹ̀bí gbé ọmọ sórí ìwọ̀n. Kílò 2 péré ni. Agbẹ̀bí ní: «Ọmọ tí kò bá tó kílò 2 àbọ̀, ó kéré. Ẹ gbé e lé àyà yín, kí ara yín kan ara rẹ̀, kí òtútù má baà mú un. Ẹ máa fún un ní ọmú.» Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà yè.

Ó dàgbà, ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ lẹ́tà, òun kò mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ẹlòmíràn! Mo nà án. Mo pè é ní òmùgọ̀.

Ní ọdún 2010, mo lóyún ẹ̀kẹta. Mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún agbẹ̀bí. Ó bi mí pé: «Kí ni ẹ̀ ń jẹ nígbà tí ẹ lóyún rẹ̀?» N kò lè dáhùn.

Ó ṣàlàyé fún mi. Inú ikùn ni ọpọlọ ọmọ ti ń dàgbà. Ẹ̀jẹ̀ ìyá ni ó ń gbé oúnjẹ lọ bá a. Bí ẹ̀jẹ̀ ìyá kò bá tó, bí ibà bá ń mú un, bí iṣẹ́ bá pọ̀ jù, ọmọ lè kéré. Ẹ̀kọ́ lè ṣòro fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kàwé dáadáa. Ṣùgbọ́n pàṣán kò lè là wọ́n lóye. Sùúrù ni wọ́n fẹ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo bẹ ọmọ mi. Ó ní: «Ìyá mi, ṣé ẹ kò ní nà mí mọ́?» Mo sọkún. Láti ìgbà náà, a ń kọ lẹ́tà kan sórí yẹ̀pẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n. Lónìí, aṣọ ni ó ń rán. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà sínú ìwé.

Nínú oyún ẹ̀kẹta, mo tètè lọ sí ilé ìwòsàn. Mo lo oògùn ẹ̀jẹ̀ àti oògùn ibà tí wọ́n fún mi. Mo sùn sábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn. Mo jẹ erèé, ẹja, ẹyin àti ẹ̀fọ́. Ọkọ mi ń bá mi ru igi. Kílò 3 ni ọmọ náà nígbà tí mo bí i.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ fi ẹja sínú abọ́ aboyún. Ẹ̀yin ìyá, ẹ jẹ́ kí ọmọ tó ọdún 2 kí ẹ tó lóyún mìíràn. Bí ọmọ bá sì pẹ́ kó tó mọ̀wé, ẹ má bú u. Ẹ jókòó tì í.