Èmi Ni Mo Ba Owó Ilé-Ìwé Ọmọ Ẹ̀gbọ́n Mi Jẹ́

Ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹjọ́ ara mi ni mo fẹ́ rò lónìí.

Ẹ̀gbọ́n mi ń fi mọ́tò kó èrò n'Íbàdàn. Ṣàdédé ni mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í fà tìkọ̀, ó ń mu epo bí ọ̀mùtí, iná ẹ́ńjìnnì sì tàn níwájú dírẹ́bà. Wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀rọ kọ P0102. Èmi tí mo ka ìwé mẹ́wàá wá la ẹnu gbàgà: "Bọ̀dá mi, sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn atẹ́gùn tó ń wọ ẹ́ńjìnnì ti kú. Ẹ lọ ra òmíràn!"

Owó ilé-ìwé ọmọ la fi ra tòkunbọ̀. A dè é tán, iná ò kú!

Bàbá rewáyà kan ló gbà wá. Wọ́n yọ ẹnu wáyà sẹ́ńsọ̀, wọ́n ṣí kọ́kọ́rọ́, wọ́n fi mítà wò ó. Iná bátìrì tó yẹ kó tó 12 fóòtì, kò dé ibẹ̀ rárá. Wọ́n tọ wáyà lọ, àfi ibi tí eku ti gé e jẹ! Wọ́n so ó, wọ́n wé e, wọ́n pa nọ́ńbà yẹn rẹ́, ó parí.

Bàbá ní: "Ọmọ mi, nọ́ńbà yẹn ò sọ pé sẹ́ńsọ̀ kú. Ohun tó sọ ni pé iná tó ń ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ bọ̀ kéré jù. Wáyà tó já náà lè fà á."

Ojú tì mí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó ra sẹ́ńsọ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ wáyà wò. Ní tèmi, díẹ̀díẹ̀ ni mò ń san owó ọmọ yẹn padà.