Ẹgbẹ́ Ìkàwé Wa àti Ẹ̀rín Alẹ́ Ọjọ́ Kan



Ó ti lé ní ọdún méjì tí a ti ń péjọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú láti ka ìwé Ifá pọ̀. Bí aago mẹ́jọ alẹ́ bá lù fún àwa tí a wà ní London àti Manchester, aago mẹ́ta ọ̀sán ni ó jẹ́ fún àwọn ará wa ní Toronto. Ti Salvador ní Bahia kì í dúró sójú kan, nítorí pé wọn kì í yí aago padà níbẹ̀. Nígbà tí a kọ́kọ́ yí tiwa padà ní ìparí oṣù Kẹwàá, bàbá kan ní Salvador dá nìkan jókòó síwájú kọ̀ǹpútà fún wákàtí kan gbáko.

Ìwé tí a fi bẹ̀rẹ̀ ni Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá, Apá Kìíní, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá kó jọ, tí ó jáde ní ọdún 1968. Ẹsẹ kan péré ni a máa ń kà lẹ́ẹ̀kan, nítorí pé odù 256 kò ṣeé sáré kà. Ẹnì kan yóò kà á sókè, a ó sì jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó kan ìyàwó Ọ̀ṣun kan ní Toronto láti kàwé. Kò tíì pé ọdún kan tí ó dóṣù. Ibi tí a kọ “ọ̀run” sí, “ọrùn” ni ó pè é. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn irúnmọlẹ̀ ṣe ti ọrùn ènìyàn sọ̀kalẹ̀ wá sí ayé lẹ́nu rẹ̀. Àgbà kan bú sẹ́rìn-ín, àwa yòókù sì gbè é. Kí ẹ̀rín náà tó rọlẹ̀, àwòrán ọmọ náà ti kúrò lójú ẹ̀rọ. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a kò fojú kàn án.

Ìyá kan láàárín wa ni ó pè é lórí fóònù. Ọmọ náà kò bínú. Ojú ni ó ń tì í. Ó ní àwọn òbí òun ń sọ Yorùbá láàárín ara wọn, ṣùgbọ́n wọn kò fi bá òun sọ̀rọ̀ rí. Lójú ìwé ni òun ti ń wá èdè tí ó yẹ kí òun ti bá nílé. Nígbà tí ìyá náà jíṣẹ́ yìí fún wa, kò sí ẹni tí ó lè fèsì. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò fi Yorùbá bá ọmọ tirẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè yìí.

Awo ní í gbé awo nígbọ̀nwọ́. A mọ òwe náà, síbẹ̀ a jẹ́ kí awo kékeré ṣubú lójú wa. A wá rántí pé bí awo bá ń sun ìyẹ̀rẹ̀, àwọn yòókù kì í dákẹ́ wò ó, wọn a máa dá a lóhùn pé “Hin!” Ohun tí a mú wọ inú ẹgbẹ́ nìyẹn. Ẹni tí ó bá kàwé tán, “Hin!” ni a ó kọ́kọ́ fi gbè é. Bí àṣìṣe bá wà, àgbà kan ṣoṣo ni yóò tún ọ̀rọ̀ náà pè, gbogbo wa yóò sì pè é tẹ̀lé e, bí ọmọ awo ti ń ṣe níwájú ọ̀gá rẹ̀. Àgbà tí ó rẹ́rìn-ín ni ó kọ́kọ́ tọrọ àforíjì.

A tún fi ààlà kan lélẹ̀: ohun tí ó jẹ́ ti igbódù kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Ìwé kíkà kì í sọ ènìyàn di babaláwo. Ẹni tí ó bá ń béèrè nípa ẹbọ tàbí èèwọ̀ ara rẹ̀, ọ̀dọ̀ olúwo tàbí ìyálórìṣà rẹ̀ ni a ń darí rẹ̀ sí.

Ọmọ náà padà wá. Ní oṣù tó kọjá, òun ni ó kọ́ ìyàwó tuntun kan láti Salvador ní ìyàtọ̀ láàárín ọ̀run, ọrùn àti ọrun tí a fi ń ta ọfà. Dò-re, re-dò, re-re ni ó fi kọ́ ọ. Àwa náà pè é tẹ̀lé e.

Ẹ̀yin ìyàwó tuntun tí ẹ ń bẹ̀rù láti ka ìwé sókè, ẹ kà á. Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbè wọ́n. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.